Òdòdó Huni Ìgbèrí Òkú

Ẹni tó bá rò pé ìkà nìkan ló ń lọ sílé olóògùn, onítọ̀hún kò tíì dá jókòó ti oúnjẹ alẹ́ rí, kó máa gbọ́ bí eyín ara rẹ̀ ṣe ń rún iṣu.

Siutiti kì í ṣe ìkà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní erékùṣù kékeré yẹn ní Ha'apai, láàárín agbami òkun, wọ́n á sọ fún yín pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ti kó lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó lọ sí Tongatapu, erékùṣù tó tóbi jù lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Niu Silandi. Wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ta ló padà? Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn báyìí. Nínú ìdílé ńlá tó kún ìhà ìlà oòrùn abúlé yẹn nígbà kan, ẹni méjì ló ṣẹ́ kù: Siutiti, àti Losaline àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ opó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá tó bí wọn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì sin àwọn ìyá náà sí nínú iyanrìn funfun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ òdòdó ni wọ́n jọ ń ṣe. Siutiti ni í já a wá, Losaline ni í sín in di òdòdó ọrùn, tí ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e lọ sí ìlú Pangai fún ìyàwó àti fún ìjòyè. Losaline le lórí iṣẹ́ yìí ju àlùfáà lórí pẹpẹ lọ. Lójú tirẹ̀, òdòdó ní ọba, ó ní ìjòyè, ó ní mẹ̀kúnnù, bíi ti èèyàn gẹ́lẹ́. Heilala lọba. Langakali àti huni jẹ́ ọmọ ìjòyè. Èyí tí ọkọ̀ òyìnbó bá gbé dé láìpẹ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ẹ̀yìn ni yóò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ kó wá yìí?"

"Òdòdó ni. Kí lo tún rò?"

"Ẹ gbé mẹ̀kúnnù jókòó ti ọba! Ẹ fẹ́ kí ìyá ìyàwó fi òdòdó yìí nà mí lójú ní Pangai ni?"

"Òórùn rẹ̀ ṣáà dùn."

"Ọṣẹ ìfọṣọ náà ń ta sánsán. Ẹ jẹ́ ká sín in sọ́rùn ìyàwó, kó fi wẹ̀ lálẹ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á jọ jẹun. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyẹn, Siutiti kò sì bẹ Ọlọ́run fún ohun mìíràn.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí Losaline gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Meliame pè mí lórí fóònù." Meliame ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Niu Silandi ló ń gbé. "Ó ní kí n wá máa bá òun gbé. Ó ní yàrá mi ti wà nílẹ̀."

Siutiti ń rin àgbọn lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. Nǹkan kan ti já nínú rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá la ẹnu, igbe ni yóò jáde. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló sọ. "Ọmọ ló yẹ kó tọ́jú ìyá."

Losaline wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

* * *

Olóògùn tí wọ́n ń pè ní Tavake ń gbé ní erékùṣù mìíràn níhà gúúsù, níbi tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dúró sí pẹ́. Ó ń sá ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́jọ sórí okùn nígbà tí Siutiti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀?"

Ara Siutiti bù máṣọ. Kò tíì sọ ohun tó gbé e wá. "Àbúrò mi ni, sà."

"O fẹ́ kó kú?"

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Mo fẹ́ kó dúró ni."

"Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò pọ̀," ni Tavake wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sí eyín kan lẹ́nu rẹ̀. "Irun rẹ̀ dà?"

Ohun tó dẹ́rù ba Siutiti jù nìyẹn, nítorí irun náà wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló yọ ọ́ lára òòyà Losaline, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kó yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Tavake gba irun náà, ó wọ ẹ̀yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Siutiti ń gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Nígbà tó jáde, ọ̀dọ́ igi huni kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán, ó sì ti fi irun yẹn di gbòǹgbò rẹ̀.

"Òkú wo ni àbúrò rẹ fẹ́ràn jù?"

"Ìyá rẹ̀."

"Gbìn ín sí ìgbèrí ìyá náà. Fi ọwọ́ lásán gbìn ín. Ọwọ́ tó bá gbìn ín nìkan ló lè fà á tu. Bí irin bá kàn án, ohun tó bá dì mú á bá a lọ."

"Kí ni nǹkan náà tó máa dì mú, Bàbá?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kó dúró." Ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

* * *

Ọjọ́ Ìsinmi ló gbìn ín. Ó ní inú ń run òun, ó sì jókòó sílé títí gbogbo abúlé fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì tán. Orin wọn ń jáde lójú fèrèsé bó ṣe kúnlẹ̀ síbi ìgbèrí ìyá Losaline, ìyá tó gbé òun náà pọ̀n rí, tó bu oúnjẹ fún un láìmọye ìgbà. Ó fi ìka wa iyanrìn. "Ẹ má bínú, Ìyá," ló ń sọ. "Èmi náà ni. Ẹ bá mi dá a dúró."

Bó ti ki gbòǹgbò náà bọlẹ̀, iyanrìn fà á mọ́ra bí ẹnu ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú. Siutiti yọ ọwọ́ kíá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún, ohùn Losaline ló ga ju ti gbogbo wọn lọ.

* * *

Losaline rí igi náà nígbà tó lọ tún iyanrìn sàréè ṣe, ó sì sáré wá sílé bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ohun tí ìyá mi ṣe!"

Wọ́n jọ dúró síbẹ̀. Losaline fọwọ́ kan ewé náà jẹ́jẹ́. Ó mọ igi yìí ju bó ṣe mọ ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni àárín òkúta etí òkun, níhà ibi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń fẹ́ wá, tí iyọ̀ ń fọ́n sí i lójú lójoojúmọ́. Àwọn àgbà sọ pé kò sí níbi púpọ̀ láyé yàtọ̀ sí àwọn erékùṣù tiwọn yìí. Kì í hù nínú iyanrìn rírọ̀ báyìí láàárín abúlé.

"Àdàbà ló gbé hóró rẹ̀ wá," ni Siutiti sọ. "Wọ́n máa ń jẹ èso rẹ̀ pupa."

"Àdàbà kẹ̀, ta ló rán àdàbà níṣẹ́?" Omi ti kún ojú Losaline. "Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mi ò lá àlá wọn rí. Mo ti rò pé wọ́n ti gbàgbé mi. Ẹ wò ó, wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ sí mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni Losaline ti ń pọn omi lọ síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Bó bá bu omi sí i tán, á jókòó, á máa bá a sọ̀rọ̀: bí iṣu ṣe ń ta, ẹni tó kú ní Pangai, iye èèyàn tó wá sí ìsìn. Opó tó dá gbé ni, ẹ má bú u. Kò sì tún dárúkọ Niu Silandi mọ́. Siutiti rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé oògùn ti jẹ́, oorun rẹ̀ sì dùn.

* * *

Ọjọ́ tí huni yẹn kọ́kọ́ tanná ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Losaline.

Òdòdó náà ṣù jọ ní funfun lára igi, òórùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Losaline já díẹ̀, ó fi í sí etí ọ̀tún. Kó tó délé, ó ti di ojú ọ̀tún rẹ̀ mú.

"Ó dà bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún mi láti ẹ̀yìn ojú," ló wí.

Wọ́n lo oògùn inú ike, kò gbọ́. Wọ́n fi òróró àgbọn ra á lórí, kò gbọ́. Igi ń nípọn sí i, Losaline ń rù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi lè ki òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjì, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní títì pa, Siutiti bá òdòdó huni lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ìkankan kò tíì rọ.

"Ta ló kó èyí wọlé?"

"Èmi kọ́ o," ni Losaline dáhùn. Ó ń sunkún nítorí ìrora. Siutiti fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú rẹ̀, ló bá gbóòórùn nǹkan kan. Omijé yẹn ń ta sánsán, òórùn huni gan-an ni.

Ká má purọ́, síbẹ̀síbẹ̀ inú Siutiti ń dùn lápá kan. Ó ti kó ẹní rẹ̀ wá sílé Losaline. Òun ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń dì í mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Bó bá ta jí lóru, á gbọ́ èémí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ irú rẹ̀.

Ìgbà tí Losaline wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa lọ bá Meliame. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń fọ́jú lọ. Dókítà tó dáa wà lọ́hùn-ún," ìgbà yẹn ni jìnnìjìnnì bo Siutiti. Oògùn tó ní kó dá a dúró ló tún ń lé e lọ. Bí kò bá sì lọ, ó dájú pé yóò kú.

Ó bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Tavake. Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ṣì wà lórí okùn, ó ti gbẹ bí awọ. Obìnrin kan tó ń ṣa ìkarahun létí òkun ní kí ló ń wá.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti sin ín. Ṣé nǹkan yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Siutiti mi orí. Kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó mọ ohun tó wà nídìí igi yẹn, àfi òun.

* * *

Losaline ló ránṣẹ́ pe Nanisi oníṣègùn láti erékùṣù Tungua, kó kàn gbìyànjú kí òun tó wọkọ̀ lọ bá Meliame. Ìyá arúgbó ni, ó tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní òróró. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tán tó ti ń pariwo.

"Ṣé abúlé yìí ò ní ọkùnrin tó lè gbé àpò ni? Àbí gbogbo wọn ti lọ máa já èso fún òyìnbó?"

"Wọ́n ti lọ, Ìyá," ni Losaline wí.

"Mo mọ̀. Tiwa náà ti lọ. Sùn kalẹ̀."

Ó gún ewé, ó fi aṣọ dì í, ó fún omi rẹ̀ sí Losaline lójú àti ní imú. Ó ta á lójú gan-an. Lẹ́yìn náà Losaline sín, ó tún sín. Nanisi gba ohun tó jáde nímú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Iyanrìn ni, funfun báláú.

Nanisi nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó di ewé tuntun, ó gbé e lé Siutiti lọ́wọ́. "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fún èyí sí i lójú. Má jẹ́ kó kanlẹ̀ o. Bó bá kanlẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ ti gbà á nìyẹn."

Siutiti gbé ìdì ewé náà lọ sí ilé ìdáná. Bí ewé yìí bá ṣiṣẹ́, Nanisi yóò tọ ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí huni, yóò sì tọ ti huni dé ọwọ́ ẹni tó gbìn ín. Losaline yóò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìdí ewé náà kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́, ó sì gbé e. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fún un sí Losaline lójú. Kó tó di ọ̀sán, ojú òsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

Nanisi gbé ìdì náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo yàrá náà yí ká. "Inú ilé yìí ni," ló wí. "Ẹni tó ń ṣe é ń bá ọ jẹun nínú abọ́ kan."

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi," ni Losaline sọ. "Kò sí ẹlòmíràn níbí, àfi ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́," ni Nanisi dáhùn. Kò wo ọ̀dọ̀ Siutiti. Àìwò yẹn gan-an ló dẹ́rù ba Siutiti.

Nanisi ní, "Òkú rẹ wo ló ní nǹkan tó hù lé e lórí?"

* * *

Níwájú sàréè, Nanisi wo huni náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí igi tó tó o lẹ́wà ní gbogbo itẹ́ òkú náà.

"Ta ló gbìn ín?"

"Àdàbà ló gbé e wá, Ìyá," ni Losaline wí. Ó nawọ́ wá a kiri títí ó fi kan ewé rẹ̀. "Ìyá mi ló fi ránṣẹ́."

"Àdàbà máa ń yàgbẹ́ síbi tó bá wù ú. Kì í wọn ilẹ̀ wò kó tó yàgbẹ́ síbi tí orí òkú wà gẹ́lẹ́." Nanisi tutọ́ sílẹ̀. "Gbòǹgbò ti wọ ojú ìyá rẹ, ọmọ mi. Ohun tó ń gún un ló ń gún ọ. Omi tí o sì ń bu sí i láràárọ̀, ara rẹ lo ń bu ú sí."

Losaline fà sẹ́yìn kúrò lára igi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Ó dun Siutiti ju bí ẹni lù ú lọ, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe orí ló ń pa á lẹ́kún. Ó mọ̀ pé ẹ̀bùn tó rò pé ìyá rẹ̀ fún un ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ́la la máa wú u," ni Nanisi wí. "Ẹ̀yin ẹbí ló máa fi igbá àgbọn kó iyanrìn kúrò, kí egungun má baà fara pa. Ẹ mú òróró wá, kí ẹ mú ngatu mímọ́, aṣọ èèpo igi, wá tí a ó fi wé e. Ẹ mú àdá tó mú wá. Bí a bá rí gbòǹgbò náà, mo máa gé e."

Bí irin bá kàn án, ohun tó bá dì mú á bá a lọ. Siutiti gbọ́ ohùn Tavake bí ẹni pé ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

* * *

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Siutiti ti wà nídìí huni náà ní òun nìkan. Ó fẹ́ fà á tu kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó di ìdí igi náà mú, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Igi náà kò mì. Igbe kan ta láti ilé Losaline, igbe tí Siutiti kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu èèyàn. Ó fi igi sílẹ̀. Igbe dákẹ́. Ó tún fọwọ́ kàn án díẹ̀, kó lè mọ̀ dájú. Igbe náà tún ta.

Ó jókòó sínú iyanrìn láàárín ìyá Losaline àti ìyá tirẹ̀. Kò lè fà á láti òkè. Wọ́n gbọ́dọ̀ wú u, kí òun sì rọra fa gbòǹgbò náà jáde níbi tó wà, lójú gbogbo wọn. Bó bá dákẹ́, àdá yóò pa Losaline, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé òun ni. Bó bá sọ̀rọ̀, Losaline yóò yè, kò sì ní jẹ́ tòun mọ́. Ó ronú rẹ̀ títí oòrùn fi yọ. Ẹ má bi mí bóyá ó rọrùn fún un.

* * *

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wú u. Diakoni kan tó ti darúgbó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbàdúrà. Iyanrìn náà rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí ngatu àtijọ́ ti jẹrà, tí egungun sì fara hàn. Nanisi fi ọwọ́ gbọn iyanrìn kúrò lórí agbárí. Gbòǹgbò funfun kan, tó tó ìka, ti gba ihò ojú ọ̀tún wọlé. Ẹ̀ka rẹ̀ kékeré kan ti ń wá ọ̀nà lọ sí ti òsì. Irun dúdú rẹ́rẹ́ wé mọ́ ọn yí ká, bẹ́ẹ̀ irun ìyá Losaline ti funfun tán kó tó kú.

"Irun ta nìyí?" ni diakoni béèrè.

Nanisi na ọwọ́ sí àdá.

"Ẹ má fi irin kàn án!" Siutiti ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí gbòǹgbò náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e, á pa á! Èmi ni mo gbìn ín. Ọwọ́ tèmi nìkan ló lè yọ ọ́."

Losaline yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ẹ̀gbọ́n mi?" ló pè, bí ẹni tó rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

"Yọ ọ́," ni Nanisi wí. "Bó bá já, màá fi àdá yìí kan ìwọ náà."

Siutiti fi ìka méjì di gbòǹgbò náà mú ní ẹnu ihò ojú. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ ẹni tó wà nílẹ̀, ó ń pè é ní ìyá. Losaline ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkérora náà sì ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ọwọ́ náà ṣe ń fà. Ó gùn ju bó ṣe yẹ kí gbòǹgbò gùn lọ. Nígbà tí òpin rẹ̀ jáde, ó rọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Siutiti jù ú nù bí ẹni tó di ejò mú.

Losaline mí kanlẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo òkun, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Siutiti.

"Kí ló dé?" ló bi í.

"O fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí o dúró ni. Mi ò mọ̀ pé á rí báyìí, Losaline, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín nígbà yẹn pé mo fẹ́ lọ? Mo ti sọ fún Meliame lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù pé mi ò wá. Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n kan níbí tí mi ò lè fi sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ ò bi mí. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ ò bá sọ, ká sì jọ fi rẹ́rìn-ín." Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. "Dípò ìyẹn, ẹ lọ ki igi bọ ìyá mi lójú."

Ó gba òróró lọ́wọ́ Nanisi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu egungun ìyá rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan. Siutiti na ọwọ́ láti bá a mú ẹ̀gbẹ́ ngatu. Losaline rọra gbé aṣọ náà kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

* * *

Meliame fúnra rẹ̀ wá láti Niu Silandi nígbà tó gbọ́. Ó ti ra aṣọ òtútù fún ìyá rẹ̀. Siutiti dúró sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí wọ́n jọ lọ, kí ojú Losaline lè kúrò lára òun, ó sì tún ń gbàdúrà pé kí wọ́n má lọ. Èyí kejì ló gbà. Ọkọ̀ gbé Meliame lọ ní òun nìkan. Awakọ̀ ló sọ fún Siutiti ohun tí Losaline wí: pé òun kò lè fi abúlé yìí sílẹ̀ láé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò máa ṣọ́ sàréè ìyá òun.

Oògùn Tavake jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Losaline kò kúrò ní erékùṣù yẹn mọ́. Láàárọ̀, á tẹ́ ẹní síwájú sàréè, á kọ ẹ̀yìn sí ilé Siutiti, á máa sín òdòdó tó fúnra rẹ̀ já. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, á kí i, "Ẹ káàárọ̀ o," bí a ṣe ń kí àlejò, á sì kọjá.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, èéfín á yọ ní ilé méjèèjì. Losaline a máa kọrin ìsìn bó ṣe ń dáná, ohùn rẹ̀ ṣì ga, ó ṣì dùn, ó sì máa ń dé ọ̀dọ̀ Siutiti níbi tó jókòó sí ti abọ́ rẹ̀. Ó mọ ègbè orin náà dáadáa, àmọ́ kò lè gbè é.